Òṣùwọ̀n Ẹnu Ọ̀nà

Wọ́n ní ẹni tó gbé òṣùwọ̀n sí ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn àwọn aboyún yẹn kò ní ìkà kankan nínú. Wọ́n ní ibẹ̀ ni ilẹ̀ ti tẹ́jú. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká gbà bẹ́ẹ̀. Àmọ́ tábìlì akọ̀wé tó ń kọ nǹkan sí káàdì wà ní òdìkejì gbọ̀ngàn, lábẹ́ fáànù kan ṣoṣo tó ń yí, akọ̀wé náà sì ti búra pé òun ò ní kúrò lábẹ́ fáànù òun nítorí ẹnikẹ́ni tí ìyá bí. Nítorí náà, bí aboyún bá ti gun òṣùwọ̀n, ẹni tó ń wọ̀n ọ́n ní láti pariwo iye rẹ̀ kí akọ̀wé lè gbọ́, kí gbogbo àwọn tó jókòó láàárín sì bá wọn gbọ́ pẹ̀lú. Torí atẹ́gùn fáànù ni ara àwọn obìnrin fi di ọ̀rọ̀ ìta gbangba.

Ẹni tó ń wọ̀n wọ́n ni olórí àwọn agbẹ̀bí, obìnrin gíga kan tí kì í rẹ́rìn-ín àfi tó bá ń fi ẹlòmíràn ṣẹ̀sín. Lẹ́yìn rẹ̀, Agogo ni wọ́n ń pè é. Lójú rẹ̀, "Mà" ni. Ẹ má jẹ́ ká purọ́ mọ́ ọn o, ọwọ́ rẹ̀ mọṣẹ́. Ọmọ tó ti gbẹ̀bí rẹ̀ kò lóǹkà. Ẹnu rẹ̀ ni kò mọṣẹ́.

Ọjọ́ tí obìnrin aránṣọ kan kọ́kọ́ gun òṣùwọ̀n yẹn, oyún rẹ̀ ti pé oṣù mẹ́rin. Kì í ṣe oyún àkọ́kọ́. Ti àkọ́kọ́ ti bọ́ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé ó wà, ó sì ti sunkún ìyẹn títí omi ojú fi gbẹ. Èyí tó dúró yìí, ọwọ́ méjèèjì ló fi dì í mú. Kò bẹ Ọlọ́run fún nǹkan mìíràn mọ́ ju pé kí òun gbé ọmọ yìí délé láàyè.

Obìnrin tó lára dáadáa ni. Láti kékeré ló ti rí bẹ́ẹ̀, kò sì kà á sí àbùkù rí. Òun gan-an ni pátákó ìpolówó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Bó bá rán aṣọ tuntun, òun ló máa kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, àwọn oníbàárà á sì ní, "Bó ṣe jókòó sí ẹ lára yìí gẹ́lẹ́ ni kó ṣe jókòó sí mi o." Irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ló gun òṣùwọ̀n pẹ̀lú orí gbígbé sókè. Agogo wo iye tó wọ̀n, ó wo obìnrin náà láti òkè dé ilẹ̀, ó tún wo iye náà.

"Yéè!" ló ké. "Akọ̀wé, di fáànù ẹ mú o, Tírélà ti wọlé! Kílò mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún!"

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Kì í ṣe pé gbogbo wọn ló burú. Àwọn mìíràn ń rẹ́rìn-ín torí inú wọn dùn pé kì í ṣe àwọn ni ọ̀rọ̀ kàn. Aránṣọ náà rẹ́rìn-ín. Kí ni ì bá ṣe? Ẹni tí wọ́n bá tú sí ìhòòhò lójú ọjà, bí kò bá rẹ́rìn-ín, ẹkún ló kù.

"Ẹ máa rẹ́rìn-ín," Agogo ní. "Ìwọ, ṣé ọmọ kan lo lóyún ẹ̀ ni, àbí odindi kíláàsì? Lọ jókòó sọ́hùn-ún jàre."

Ọ̀hún ni bẹ́ǹṣì kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Bẹ́ǹṣì ọ̀daràn ni àwọn aboyún ń pè é. Bí ìwọ̀n ẹnì kan bá dáa lójú Agogo, á ní kí gbogbo gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́ fún un, onítọ̀hún á gba oògùn rẹ̀ lójú fèrèsé, á máa lọ sílé. Ẹni tí tirẹ̀ bá ga jù ló ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì títí wọ́n á fi pè é wọ yàrá ẹ̀yìn. Inú yàrá ẹ̀yìn yẹn ni ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wà, ẹyọ kan ṣoṣo tó ń ṣiṣẹ́. Agogo ló ṣètò rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní èrò ti pọ̀ jù, ó ní ẹni tí ìwọ̀n rẹ̀ dáa, kí ló fẹ́ fi ẹ̀jẹ̀ ríru ṣe? Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, torí ibẹ̀ ni ilé ti wó.

Agbẹ̀bí tó wà nínú yàrá ẹ̀yìn kéré sí Agogo lọ́jọ́ orí, ó sì kéré sí i nípò. Pẹ̀lẹ́ ni wọ́n ń pè é, nítorí pé kò ní fọwọ́ kan èèyàn kí ọ̀rọ̀ yẹn má kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó ti ilẹ̀kùn, ó fa àga kan tí kò ní apá síwájú aránṣọ, kí ó lè jókòó láìfún ara rẹ̀ pọ̀.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ má dá wọn lóhùn."

Aránṣọ tó ti ń rẹ́rìn-ín bọ̀ láti ìta, bí ìdí rẹ̀ ṣe kan àga ni ẹkún já lẹ́nu rẹ̀. Pẹ̀lẹ́ kò ní kó dákẹ́. Ó dúró títí ẹkún náà fi tán, lẹ́yìn náà ló wá wọn ìfúnpá rẹ̀, ó ní ó dáa, ó fọwọ́ kan ikùn, ó ní ọmọ ń ṣe dáadáa.

"Ta ló ń se oúnjẹ nílé?" ló béèrè.

"Ìyá ọkọ mi ni. Látìgbà tí èyí àkọ́kọ́ ti bọ́ ni wọ́n ti kó dé ọ̀dọ̀ wa. Wọ́n ní àìjẹun kánú ló fà á." Ó nu imú rẹ̀. "Nọ́ọ̀sì, abọ́ tí wọ́n fi ń bu oúnjẹ fún mi, ẹ lè wẹ ọmọ ọwọ́ nínú ẹ̀."

Àwọn méjèèjì jọ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín gidi lọ́tẹ̀ yìí.

"Tí ẹ bá wá ní ó ti tó ńkọ́?"

"Háà! Kí n kọ oúnjẹ ìyá ọkọ mi? Wọ́n á ní mo fura sí àwọn ni. Wọ́n á ní mo rò pé ọwọ́ àwọn wà nínú èyí tó bọ́."

Agbẹ̀bí mìíràn ì bá ti fún un ní ìwé pélébé tí wọ́n ya èso sí, kó ní kó máa lọ. Pẹ̀lẹ́ mọ̀ pé ìwé pélébé kò lè dojú kọ ìyá ọkọ. Ó ní, "Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń padà bọ̀, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tẹ̀ lé yín. Ẹ sọ pé èmi ni mo fẹ́ gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ wọn."

Ìyá náà wá lóòótọ́, ó sì múra ìjà wá. Ó gbé fláàsìkì oúnjẹ sábẹ́ apá bí ẹni gbé ìwé ẹjọ́, kò tíì jókòó tó ti bẹ̀rẹ̀.

"Èwo nínú yín ló ní ìyàwó mi sanra jù? Ṣé kó rù bí ìgbálẹ̀ lẹ fẹ́? Aboyún tó bá rù, kí làwọn èèyàn á máa sọ? Wọ́n á ní à ń febi pa á!"

Pẹ̀lẹ́ kúnlẹ̀. Tòun ti yúnífọ́ọ̀mù funfun yẹn, orí ṣìmẹ́ǹtì ló kúnlẹ̀ sí.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá. Ẹ kú ìtọ́jú. Ìyàwó yín ti ròyìn gbogbo oore yín. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wà níta yìí, wọn ò rí ẹni fún wọn lómi mu, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ oúnjẹ."

Ara ìyá náà rọ̀ díẹ̀. Ó jókòó, ó gbé fláàsìkì lé itan.

"Ìyá, iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ yìí, ọwọ́ yín ló wà. Ọmọ inú yìí, ohun tí ẹ bá sè ló ń jẹ. Ẹ̀fọ́, ẹ̀wà, ẹja, ẹyin, ìyẹn ló ń di eegun rẹ̀. Epo tó bá pọ̀ jù kì í dé ọ̀dọ̀ ọmọ, ara ìyá rẹ̀ ló ń jókòó sí, ó sì lè dá wàhálà sílẹ̀ lọ́jọ́ ìkúnlẹ̀. Mi ò ní kí ẹ má fún un lóúnjẹ o. A ò sì fẹ́ kó rù, ìgbà oyún kọ́ ni èèyàn ń wá bí yóò ṣe fọn. Ká kàn má jẹ́ kó kọjá bó ṣe yẹ ni. Ẹ bá wa ṣọ́ ìkòkò."

Ìyá náà ronú sí i. "Ṣé ẹ ò kúkú ní gba ìkòkò lọ́wọ́ mi?"

"Èmi? Ta ni mo jẹ́? Ta ló ń gba ìkòkò lọ́wọ́ ìyá?"

Ó parí. Láti ọjọ́ yẹn, ìyá di ọlọ́pàá ìkòkò. Abọ́ ìwẹ̀ yẹn pòórá, abọ́ tó mọ níwọ̀n ló rọ́pò rẹ̀. Ọmọ rẹ̀, ọkọ aránṣọ, tó jẹ́ wẹ́dà, ti ibi iṣẹ́ dé nírọ̀lẹ́, ó wo ọbẹ̀, ó ní, "Màámi, epo dà? Èmi ò lóyún o." Ìyá ní, "Pa ẹnu ẹ mọ́, gbogbo wa la lóyún nílé yìí." Bó bá di ìrọ̀lẹ́, ìyá àti ìyàwó á jọ rìn dé òpin àdúgbò, wọ́n á rìn padà, ìyá á máa kí gbogbo ẹni tó bá rí bí ẹni tó ń du ipò. Ìwọ̀n aránṣọ kò já wálẹ̀, kò sì fò sókè mọ́. Ibi tí Pẹ̀lẹ́ fẹ́ kó wà gan-an ló wà. Ká ní ọ̀rọ̀ dúró síbẹ̀ ni, èmi ì bá má ní ìtàn kankan sọ, inú mi ì bá sì dùn gidi gan-an.

Àmọ́ èèyàn ò lè dé yàrá Pẹ̀lẹ́ láìkọjá níwájú Agogo. Gbogbo ìgbà tí aránṣọ bá wá, ariwo á ta: "Tírélà, wá ká rí ẹ! Ẹ yà lọ́nà o, kó má tẹ̀ yín pa!" Àwọn tuntun á rẹ́rìn-ín, aránṣọ á lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì ọ̀daràn, á máa wo ilẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, orí bẹ́ǹṣì yẹn ló wà tó fi ń gbọ́ ohùn Pẹ̀lẹ́ láti inú ọ́fíìsì Agogo.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ jẹ́ ká gbé òṣùwọ̀n wọ yàrá tèmi. Èmi fúnra mi á máa kọ ọ́ sí káàdì. Ojú ń tì wọ́n."

"Kó máa tì wọ́n! Ìtìjú ló ń jẹ́ kí èèyàn gbọ́ràn. Ìwọ tó ń fi pẹ̀lẹ́ pẹ̀lẹ́ kẹ́ wọn, mélòó ló ti fọn nínú wọn?"

"Àwọn kan ò wá mọ́ rárá, mà."

"Ẹni tí kò bá wá, ọrùn ara ẹ̀ ló wà. Òṣùwọ̀n ò kúrò níbẹ̀. Àbí ìwọ lo máa lọ bá akọ̀wé sọ̀rọ̀ fáànù ẹ̀?"

Pẹ̀lẹ́ jáde. Ojú rẹ̀ ṣe mẹ́rin pẹ̀lú ojú aránṣọ, ó sì gbé ojú kúrò.

Orúkọ yẹn kò dúró sí ilé ìwòsàn. Oníbàárà kan tó wà nínú gbọ̀ngàn lọ́jọ́ náà wá gba bùláọ̀sì rẹ̀, ó yọjú sínú ṣọ́ọ̀bù, ó ní, "Ṣé Tírélà wà ńlé?" Eré ló fi ṣe. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, orúkọ náà ti gba àdúgbò kan. Àwọn ọmọ tó ń ti ilé ìwé bọ̀ á dé iwájú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á fi ẹnu dún fèrè ọkọ̀ ńlá, wọ́n á sá lọ. Aránṣọ á fi ojú sí maṣíìnì bí ẹni tí kò gbọ́.

Èyí tó wá pa á pátápátá, inú ilé ló ti wá. Ọkọ rẹ̀ fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fọwọ́ kàn án léjìká, ó ní, "Tírélà mi, fún mi lọ́nà."

Ó dúró sójú kan. "Ta ló sọ fún ẹ?"

"Kí lo wá le ojú bẹ́ẹ̀ sí? Gbogbo èèyàn ló ń pè é. Eré ni mò ń ṣe." Nígbà tó rí ojú rẹ̀, ó ní, "Ó dáa, má bínú. Mi ò ní pè é mọ́." Kò sì pè é mọ́ lóòótọ́. Àmọ́ ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá ti balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Aránṣọ wọ yàrá, ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó gbé ọwọ́ lé ikùn. Ó sọ fún ọmọ inú rẹ̀ pé, "Lóṣù tó ń bọ̀, àwa ni wọ́n máa pàtẹ́wọ́ fún." Ẹ má pè é ní òmùgọ̀. Ẹni tí wọn kò tíì fi ṣẹ̀sín rí kò mọ ohun tí àtẹ́wọ́ ń ṣe fún èèyàn.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ìyá á bu oúnjẹ, aránṣọ á ní, "Ẹ ṣé, Màámi, màá jẹ ẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù." Bó bá dé ṣọ́ọ̀bù, á da oúnjẹ náà sínú ọ̀rá, á so ó pinpin, á kì í bọ inú àpò tó ń kó ègé aṣọ sí, kó lè rí i dà nù tí kò bá sẹ́ni tó ń wò. Á fọ abọ́, á gbé e padà. Ìyá á wo abọ́ tó mọ́ tónítóní, á ní, "O ṣeun, ọmọ mi. Wàá gbọ́ ohùn ọmọ." Omi àti búrẹ́dì fẹ́ẹ́rẹ́ ni aránṣọ ń gbé ọjọ́ lé.

Téèpù kì í kúrò lọ́rùn aránṣọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó fi wọn apá ara rẹ̀. Apá ti dín! Inú rẹ̀ dùn débi pé ó pàtẹ́wọ́ fún ara rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù tó dá wà. Ó wá bẹ̀rẹ̀, ó fi téèpù yí ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ká. Ẹsẹ̀ ti pọ̀ sí i, kì í ṣe díẹ̀. Ó tẹ ìka mọ́ ọn, ojú ibi tó tẹ̀ jìn wọlé, kò sì dìde bọ̀rọ̀. Ó wo téèpù náà fún ìgbà díẹ̀. "Maṣíìnì ni," ó ní, "ìjókòó ló fà á." Ó gbé téèpù kọ́rùn padà.

Ìyá náà rí ẹsẹ̀ yẹn. Ó ní, "Ẹsẹ̀ aboyún, kí lèèyàn ó ti ṣe é? Nígbà tí mo lóyún ọkọ ẹ, bàtà bàbá ẹ̀ ni mo ń wọ̀." Ni orí bá tún bẹ̀rẹ̀ sí fọ́ aránṣọ. Bó bá fẹ́ ki òwú bọ abẹ́rẹ́, nǹkan á máa tàn yanran yanran lójú rẹ̀. Ó rántí pé Pẹ̀lẹ́ ti sọ ọ́ rí pé bí orí bá ń fọ́ ọ, tí ojú ń ṣe báìbàì, tí ẹsẹ̀ wú, kó má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún un, kó sáré máa bọ̀. Ó rántí ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Àmọ́ ẹni tó ń febi pa ara rẹ̀, ṣé orí ò ní fọ́ ọ ni? Ohun gbogbo tí ara rẹ̀ ń ké fún un, ebi ló pè é. Ojú wo ló sì fẹ́ fi wo Pẹ̀lẹ́, kó sọ fún un pé oúnjẹ tí Pẹ̀lẹ́ kúnlẹ̀ lórí ṣìmẹ́ǹtì tọrọ fún un, inú àpò ègé aṣọ ni òun ń dà á sí?

Ọjọ́ ìwọ̀n pé. Ó ti rán kaba gbàgẹ̀rẹ̀ kan tó gùn bo ẹsẹ̀, tí apá rẹ̀ sì gùn. Láti àárọ̀ àná kò fi nǹkan kan kan ẹnu. Ó gun òṣùwọ̀n, ó di ojú.

Agogo wò ó. Ó tẹ òṣùwọ̀n náà wò bóyá ó ti bàjẹ́. Lẹ́yìn náà ló ya ẹnu.

"Ẹ wá wò ó! Ó ti dín! Ẹ wá wo ohun tí ìtìjú ń ṣe! Tírélà ti di kẹ̀kẹ́! Ó yá, gbogbo gbọ̀ngàn, ẹ pàtẹ́wọ́ fún un!"

Wọ́n pa á. Àtẹ́wọ́ náà ró, ó dùn. Akọ̀wé gan-an dìde lábẹ́ fáànù rẹ̀, ó pa tirẹ̀. Aránṣọ rẹ́rìn-ín, omi sì lé ròrò sójú rẹ̀.

"Lónìí, kò sí bẹ́ǹṣì fún ẹ," Agogo ní. "Gba oògùn ẹ, kó o máa lọ sílé."

Àsìkò yẹn ni Pẹ̀lẹ́ ṣílẹ̀kùn láti pe ẹni tó kàn. Ó rí aránṣọ ní ọ̀ọ́kán. Kò wo ara, ojú rẹ̀ ló ń wò. Ojú náà ti wú, ìpéǹpéjú ti dì.

"Aránṣọ! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró dè mí. Ẹ jẹ́ kí n fọwọ́ kàn yín."

"Fi í sílẹ̀!" Agogo ké. "Ẹni tó yege, o tún fẹ́ dá a padà sí kíláàsì?"

Gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín. Kò jìnnà rárá, bí ìgbà tí èèyàn bá na ọwọ́ ni sí yàrá ẹ̀yìn. Aránṣọ wo bẹ́ǹṣì, ó rí àwọn tó jókòó síbẹ̀ tí wọ́n dorí kodò. Kò lè jókòó síbẹ̀ lónìí. Lọ́jọ́ mìíràn, bẹ́ẹ̀ ni, kì í ṣe lónìí. Ó juwọ́ sí Pẹ̀lẹ́, ó ní, "Ó di ìgbà mìíràn, Nọ́ọ̀sì," ó sì jáde. Pẹ̀lẹ́ gbé ẹsẹ̀ bí ẹni fẹ́ sáré tẹ̀ lé e. Agogo wò ó. Pẹ̀lẹ́ padà sínú yàrá.

Ọjọ́ kẹta, ìyá gbé oúnjẹ ọ̀sán lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó bá ìyàwó rẹ̀ nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ maṣíìnì. Ara rẹ̀ le gbagidi, ó ń gbọ̀n, ojú ti yí padà, ìfófòó ń yọ lẹ́nu rẹ̀. Ìyá ju abọ́ nù, ó figbe ta. Àwọn ará àdúgbò ló sáré wá, àwọn kan náà tó ń pe Tírélà, àwọn ni wọ́n gbé e. Ẹ má ṣe mí ní nǹkan kan, mi ò lè dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Ní ilé ìwòsàn ńlá, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un lójú ẹsẹ̀. Wọ́n rí aránṣọ gbà là. Ọmọbìnrin ni ọmọ náà. Kò ké.

Nígbà tí aránṣọ lajú dáadáa, Pẹ̀lẹ́ ló bá lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, nínú aṣọ ilé. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un láìbò, torí aránṣọ ní kó má bò ó. Ó ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló ń ru, omi ló ń dúró sí i lára. Ó ní àìjẹun kọ́ ló fà á, àìjẹun ló bò ó mọ́lẹ̀. Ẹran ara ń lọ, omi ń bọ̀, òṣùwọ̀n ò sì mọ ìyàtọ̀.

"Tí mo bá wọ yàrá yín lọ́jọ́ yẹn ńkọ́?"

Pẹ̀lẹ́ ń tún aṣọ bẹ́ẹ̀dì ṣe. Aránṣọ tẹjú mọ́ ọn.

"Ǹ bá ti wọn ìfúnpá yín," ó ní. "Ǹ bá ti mọ̀."

"Ẹ pè mí. Mo gbọ́."

"Pípè nìkan ni mo pè. Ó yẹ kí n fà yín lọ́wọ́." Pẹ̀lẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí sunkún, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú bí ọmọdé. Aránṣọ ló wá sọ fún un pé, "Pẹ̀lẹ́." Lẹ́yìn ìgbà tó pẹ́, ó béèrè ohun kan ṣoṣo, pé kí ni ọmọ náà wọ̀n. Gbogbo ìyá tó bímọ ni wọ́n ń pe ìwọ̀n ọmọ fún, kò sí ẹni tó pe tirẹ̀ fún un. Pẹ̀lẹ́ jáde lọ béèrè, ó padà wá sọ ọ́ sí i létí.

Nígbà tó délé, ìyá ọkọ rẹ̀ ti di ẹrù. Ó ti lọ gbá ṣọ́ọ̀bù, ó fẹ́ kí ibẹ̀ mọ́ kí ìyàwó òun tó dé. Òórùn ló gbọ́ tó fi tú àpò ègé aṣọ.

"Oúnjẹ mi ni mo bá níbẹ̀," ó ní. Ohùn rẹ̀ kò ga. "Gbogbo ìgbà tí mò ń fọwọ́ pa abọ́ tí mò ń dúpẹ́."

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́..."

"Ká ní o sọ pé o ò fẹ́, ǹ bá bínú. Ǹ bá bínú lọ́jọ́ kan péré, ọmọ mi. Á sì tán."

Kò bú u. Ì bá sàn ká ní ó bú u. Ó gbé ẹrù rẹ̀, ọmọ rẹ̀ sìn ín dé ibùdókọ̀, ìkòkò rẹ̀ nìkan ló fi sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó se nǹkan nínú rẹ̀ mọ́.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, aránṣọ ní láti padà sí ilé ìwòsàn àwọn aboyún kí wọ́n wo ojú abẹ. Kò lè jẹun dáadáa láti ọjọ́ náà, kaba gbàgẹ̀rẹ̀ yẹn sì ti di aṣọ tí èèyàn méjì lè jọ wọ̀ lára rẹ̀. Gbọ̀ngàn kún. Fáànù ń yí. Òṣùwọ̀n wà ní ẹnu ọ̀nà, Agogo sì dúró tì í.

"Ó yá, gùn ún, gùn ún, èrò pọ̀."

Ó gùn ún. Agogo wo iye, ó wo obìnrin náà. Kò dá a mọ̀. Tírélà ló mọ̀, kò mọ ojú ẹni tó ń jẹ́ ẹ. Ó ya ẹnu, ó pe iye náà ketekete débi tí akọ̀wé wà.

"Ẹ̀yin abara-ńlá tó wà lórí bẹ́ǹṣì, ẹ wo ẹgbẹ́ yín! Bó ṣe yẹ kí obìnrin rí nìyí. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún un!"

Wọ́n pa á. Aránṣọ dúró lórí òṣùwọ̀n títí àtẹ́wọ́ náà fi tán, kò sọ̀ kalẹ̀.

"Ó ti tó, bọ́ sílẹ̀," Agogo ní.

"Ó ku ti ọmọ mi, mà." Ó kọjú sí akọ̀wé ní òdìkejì, ó sì gbé ohùn sókè kó lè gbọ́ ọ lábẹ́ fáànù. "Akọ̀wé, ẹ bá mi kọ ọ́ sí káàdì! Obìnrin ni. Kílò kan ààbọ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ pàtẹ́wọ́ fún mi níbí, ó ṣì wà láàyè." Ó wo gbogbo wọn lójú. "Ó yá, ẹ pàtẹ́wọ́ fún òun náà."

Akọ̀wé gbé bírò sílẹ̀. Pẹ̀lẹ́ ti dé ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀. Agogo gbé ojú kúrò lórí òṣùwọ̀n, ó wo ojú aránṣọ. Aboyún kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, tí kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, gbọ́ pé kí wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó pa á lẹ́ẹ̀mejì, kó tó rí ojú àwọn tó kù.